Ẹ́ńjìnnì bàbá mi ti jókòó

Ọkọ̀ MGB ọdún 1972 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ti gba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà lónìí, ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Òkè-Fìà, Òṣogbo! Àná, mo kánjú dè bóòtù síìtì ẹ́ńjìnnì (ibi tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó lé) ti ọ̀tún le kí ti òsì tó wọ ihò. Ẹ́ńjìnnì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, fáànù ń wá rédíétọ̀ kàn. Ọ̀gá ní, "Tú u."

Ẹ́ńjìnnì àti gíá ló jọ ń wọlé pọ̀: imú lókè, ìdí gíá nílẹ̀. A fi ṣéènì gbé e fúyẹ́, gbogbo bóòtù wọlé láì le, títí dé ti abẹ́ gíá. A mì í títí ó fi jókòó fúnra rẹ̀, ká tó dè é.

Nírọ̀lẹ́, ó dún. Omi bọ́ lójú mi.