Kí ẹ tó kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ yín, ẹ wo ìgò rẹ̀ ná

Bí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára bá ti délẹ̀, ariwo ló máa ń dà. Àwọn kan á ní májèlé ni. Àwọn kejì á ní òpè lẹni tó bá bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Èmi ò bá ìkankan lọ nínú wọn. Òbí tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gún sí ọmọ rẹ̀ lára kì í ṣe òpè rárá. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìbéèrè tí wọ́n ti dáhùn tipẹ́ là ń jà lé lórí lójoojúmọ́, nígbà tí àwọn nǹkan tó lè ba abẹ́rẹ́ jẹ́ lóòótọ́ wà lórí tábìlì nọ́ọ̀sì, tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè wọn.

Ẹ jẹ́ ká tètè mú ti ọ́tísìm, ìyẹn ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ tó máa ń ṣòro fún ọmọ láti sọ̀rọ̀ tàbí bá ẹgbẹ́ ṣe, kúrò nílẹ̀. Oṣù kejì ọdún 1998 ni Andrew Wakefield, dókítà kan ní London, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet, tó fi ń da àwọn èèyàn lọ́kàn rú pé abẹ́rẹ́ MMR, tó ń dènà èéyi tí wọ́n ń pè ní measles pẹ̀lú àrùn méjì mìíràn, lè lọ́wọ́ nínú ọ́tísìm. Ọmọ 12 péré ló wà nínú ìwádìí ọ̀hún. Akọ̀ròyìn kan, Brian Deer, ló tú u wò, ó sì rí i pé àkọsílẹ̀ àìsàn àwọn ọmọ náà kò bá ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde mu, àti pé lọ́yà tó ń múra láti pe àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ lẹ́jọ́ ti ń sanwó fún Wakefield. Lọ́dún 2010, The Lancet fagi lé ìwádìí náà, wọ́n sì yọ orúkọ Wakefield kúrò nínú ìwé àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 2019, àwọn olùwádìí ní Denmark gbé ti ọmọ 657,461 yẹ̀ wò: ọ́tísìm kò pọ̀ lára àwọn tó gba MMR ju àwọn tí kò gbà á lọ.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ náà ò kú? Ọjọ́ orí ni. Ìgbà tí ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ MMR, ìyẹn nǹkan bí ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀, náà ni òbí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rí àmì ọ́tísìm. Òbí tó bá rí nǹkan méjì tó tẹ̀ léra á so wọ́n pọ̀, èmi ò sì bá a wí.

Àwọn kan tún ní mákúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, tó wà nínú abẹ́rẹ́ ló ń fa ọ́tísìm. Ìyẹn náà rí bẹ́ẹ̀. Thiomersal, èròjà tó ní mákúrì nínú, ni wọ́n ń fi sínú ìgò tí ọmọ púpọ̀ máa pín kí kòkòrò má bàa hù níbẹ̀. Kì í ṣe irú mákúrì tó máa ń wà nínú ẹja, èyí tó máa ń pẹ́ lára. Tinú abẹ́rẹ́ máa ń tètè jáde. Abẹ́rẹ́ èéyi ò tilẹ̀ ní in rí, nítorí ààyè kòkòrò tí wọ́n ti sọ di ọ̀lẹ ló wà nínú rẹ̀, thiomersal á sì pa á. Nígbà tó fi máa di ọdún 2001, Amẹ́ríkà ti yọ ọ́ kúrò nínú abẹ́rẹ́ tí gbogbo ọmọdé ń gbà. Iye ọmọ tí wọ́n ń sọ pé ó ní ọ́tísìm ò dínkù, ṣe ló ń pọ̀ sí i.

Àwíjàre kan wà tó le ju ìwọ̀nyí lọ, nítorí ojú lásán á sọ pé òótọ́ ni: “Àwọn tó gbabẹ́rẹ́ gan-an ń kó èéyi.” Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń kó o. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ilé ìwé kan ní ọmọ 100. Ọmọ 95 ti gba abẹ́rẹ́ èéyi lẹ́ẹ̀mejì, 5 ò gbà á rárá. Abẹ́rẹ́ méjì máa ń dáàbò bo nǹkan bí ọmọ 97 nínú 100. Bí èéyi bá wọ ilé ìwé náà, ó ṣeé ṣe kó mú gbogbo àwọn 5 tí kò gbà á, kó sì mú nǹkan bí 3 nínú àwọn 95. Ọmọ 8 ló dùbúlẹ̀, 3 nínú wọn gbabẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ka àwọn tó dùbúlẹ̀ nìkan á ní abẹ́rẹ́ ò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá wo ibi tí wọ́n ti wá á rí i pé 5 nínú 5 ni ní apá kan, 3 nínú 95 ni ní apá kejì.

Àwọn kan á tún ní ìmọ́tótó ti tó, abẹ́rẹ́ ò pọn dandan. Èéyi ò ní í ṣe pẹ̀lú ìdọ̀tí. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e. Ẹni tó ní in lè kúrò nínú yàrá, kí kòkòrò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ fún wákàtí méjì. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé nǹkan bí ọmọ 95 nínú 100 ló gbọ́dọ̀ ní ààbò kí àrùn náà tó rí ibi tí kò lè gbà kọjá. Omi tó mọ́ àti oúnjẹ gidi dín ikú rẹ̀ kù lóòótọ́, àmọ́ wọn ò dá a dúró: ní Amẹ́ríkà, kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó dé lọ́dún 1963, èèyàn bíi mílíọ̀nù 3 sí 4 ló ń kó o lọ́dọọdún.

Ṣé abẹ́rẹ́ wá ti ṣe àṣìṣe rí? Ó ti ṣe, ẹni tó bá sì sẹ́ ẹ ń ba ara rẹ̀ jẹ́ lójú àwọn tó mọ̀. Lọ́dún 1999 ni wọ́n kó RotaShield, tó wà fún ìgbẹ́ gbuuru, kúrò nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ìfun ọmọ bíi 1 nínú 10,000 tó gbà á ń wọnú ara rẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ ló rí i. Ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kán sẹ́nu náà, ààyè kòkòrò ni. Níbi tí ọmọ tó gbà á ò bá ti pọ̀, kòkòrò yẹn lè máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí òmíràn títí tí agbára rẹ̀ á fi padà, tí á sì rọ ọmọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe yọ irú kejì rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀kán náà ní oṣù kẹrin ọdún 2016, tí irú tuntun tó dúró ṣinṣin jù ú lọ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2021.

Ṣùgbọ́n ti Samoa, orílẹ̀-èdè kékeré kan nínú òkun Pàsífíìkì, ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ní oṣù keje ọdún 2018, ọmọ ọwọ́ méjì kú ní erékùṣù yẹn lẹ́yìn tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ èéyi. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni abẹ́rẹ́ yìí máa ń jẹ́ nínú ìgò, omi tirẹ̀ ni wọ́n fi ń pò ó. Àwọn nọ́ọ̀sì ò fi omi rẹ̀ pò ó. Oògùn tó ń mú iṣan dẹ̀, tí wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ abẹ, ni wọ́n fà sínú rẹ̀. Ìjọba dá abẹ́rẹ́ náà dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ̀rù ba àwọn òbí, iye ọmọ tó ń gbà á sì já wálẹ̀ sí bíi 31 nínú 100. Lápá ìparí ọdún 2019, èéyi wọlé. Ó mú èèyàn tó lé ní 5,700, ó pa 83, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Nítorí náà, tí ẹ bá dé iwájú nọ́ọ̀sì fún abẹ́rẹ́ èéyi, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé ìbéèrè yín lọ. Ṣé omi tó bá ìgò yìí wá láti ilé iṣẹ́ kan náà lẹ fi pò ó? Ìgbà wo lẹ pò ó? Ó yẹ kí wọ́n ti kọ aago sára ìgò. Bó bá ti pé wákàtí 6, tàbí tí iṣẹ́ ọjọ́ náà bá parí kó tó pé, dídànù ni, nítorí kò sí ohun tó ń dènà kòkòrò nínú rẹ̀, bakitéríà tó bá sì hù síbẹ̀ lè pa ọmọ. Omi tí wọ́n máa fi pò ó gbọ́dọ̀ ti tutù tẹ́lẹ̀, láàárín 2 sí 8°C. Omi gbígbóná á pa ààyè kòkòrò inú rẹ̀, abẹ́rẹ́ á wá di omi lásán.

Ẹ tún wo àmì róbótó kékeré tó wà lára ìgò tàbí lórí ìdérí rẹ̀. Igun mẹ́rin kan wà láàárín rẹ̀. Tí igun mẹ́rin yẹn bá ṣì mọ́lẹ̀ ju àwọ̀ tó yí i ká lọ, ó dára. Tí àwọ̀ wọn bá ti dọ́gba, tàbí tí tàárín bá ti dúdú jù, ooru ti bà á jẹ́, kí wọ́n má fún ọmọ kankan.

Àmọ́ ooru nìkan ni àmì yẹn ń sọ. Kò lè sọ fún yín pé abẹ́rẹ́ ti dì, dídì sì ló ń ba pẹ́ńtà (abẹ́rẹ́ kan tó ń dènà àrùn márùn-ún), ti ipá, ti mẹ́dọ̀wú àti ti òtútù àyà jẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀. Ohun tó máa ń fà á ni áísì tí wọ́n gbé tààrà láti inú fìrísà sínú kúlà. Ó yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀ níta títí tí wọ́n á fi máa gbọ́ ìró omi nínú rẹ̀ bí wọ́n bá mì í. Tí wọ́n bá fura pé ìgò kan ti dì, wọ́n á mú òmíràn irú rẹ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó dì tó sì ti yọ́, wọ́n á mi méjèèjì papọ̀, wọ́n á gbé wọn kalẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èyí tó ti dì á tètè sílẹ̀ sí ìdí ìgò. Bí èyí tí wọ́n ń fura sí bá ń sílẹ̀ bákan náà pẹ̀lú rẹ̀, kò wúlò mọ́.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 30. Ara tó kọ̀ ọ́ gidigidi ò ju bí 1 nínú mílíọ̀nù kan lọ, àmọ́ iwájú nọ́ọ̀sì ni kó ti ṣẹlẹ̀ bó bá máa ṣẹlẹ̀. Ibà pẹ́ńtà máa ń yọjú lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ti èéyi á dúró di nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 12, tí òbí ti gbàgbé pé ọmọ gbabẹ́rẹ́. Parasítámọ́ọ̀lù tó bá ìwọ̀n ọmọ mu ni kí ẹ fún un, kì í ṣe asipírínì. Ibà yẹn lè fa gìrì lára ọmọ bíi 1 nínú 3,000 sí 4,000 tó bá gba MMR. Ó ń dẹ́rù bani, ẹ gbé e lọ fún dókítà, àmọ́ kì í ba ọpọlọ jẹ́. Egbò BCG, ìyẹn abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, lápá òsì, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi oògùn sí i.

Ọ̀fìnkìn ò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ gbé ọmọ padà sílé. Ọmọ tí ara rẹ̀ ò lè bá àrùn jà, bí èyí tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ni kò gbọ́dọ̀ gba ti ààyè kòkòrò láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì ti pẹ́ kí ẹ tó padà lọ, wọn kì í tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ibi tí ẹ dúró sí ni wọ́n á ti tẹ̀ síwájú, ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán láàárín pẹ́ńtà kan sí èkejì. Tí káàdì bá sọnù tí kò sí àkọsílẹ̀ níbòmíràn, wọ́n á kà á sí pé ọmọ ò tíì gbà á. Bó bá wá jẹ́ pé ó ti gba ti èéyi tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan sí i ò ní ṣe é ní nǹkan kan.