Ẹ má tètè gba orúkọ gbọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ wíwá ìtàn ẹbí yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́kọ́ dójú tì mí fún yín. Ìtàn ẹbí Júù kan tó fọ́n ká láti ìlú Berlin ni wọ́n ní kí n wá. Mo rí "Sara" lára orúkọ ìyá, mo rí i lára tọmọ, mo tún rí i lára ti àbúrò ìyá. Inú mi dùn, mo ní orúkọ ìdílé wọn nìyí.

Irọ́ gbáà! Òfin ìjọba Hitler ní oṣù kẹjọ ọdún 1938 ló fi tipá gbé e kà wọ́n lórí. Láti oṣù kìíní ọdún 1939, Júù tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú èyí tí ìjọba fọwọ́ sí fún Júù gbọ́dọ̀ fi òmíràn kún un: Sara fún obìnrin, Israel fún ọkùnrin. Wọ́n tilẹ̀ padà kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ìbí àtijọ́. Ọ̀tá ló sọ wọ́n lórúkọ, èmi ń yọ̀.

Orúkọ ìlú náà tún fi mí ṣeré. Breslau ni bàbá àgbà wọn ti wá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá ìwé rẹ̀ kiri Jámánì kí n tó rántí pé Wrocław ló ń jẹ́ báyìí, Pólàńdì ló sì wà láti 1945.

Mo wá bàbá ilé náà nínú ìwé Auschwitz, àgọ́ tí ìjọba Hitler ti ń pa àwọn Júù, n kò rí i. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ pé kò débẹ̀, ni ọ̀gá mi bá dá mi dúró. Àwọn tí wọ́n kó tààrà láti inú ọkọ̀ ojú irin lọ sí yàrá gáàsì kò gba nọ́ńbà, ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Mo padà sí ibi tí ọkọ̀ ti gbéra, sí ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n kó ní Berlin. Òun nìyẹn.

Yad Vashem, ilé ìrántí àwọn Júù tí ìjọba Hitler pa, ní Jerúsálẹ́mù, ti ń gba ìwé ẹ̀rí nípa àwọn tí wọ́n pa láti àwọn ọdún 1950. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ a da orúkọ olóògbé kọ, ó parí. Ẹ wo ìsàlẹ̀: ẹni tó kọ ọ́, bó ṣe bá olóògbé tan, àdírẹ́sì rẹ̀. Ọmọ àbúrò bàbá yìí ló kọ tirẹ̀, láti Buenos Aires.

Ó ti kú kí n tó pe ilé wọn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló gbé fóònù. Àwọn Júù Ashkenazi, ìyẹn àwọn tó ṣẹ̀ wá láti àárín àti ìlà oòrùn Yúróòpù, a máa fi orúkọ òkú ẹbí sọ ọmọ, ó fẹ́ jọ Babátúndé tiwa. Mo bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá ilé tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí ló dá mi lóhùn.