Orí Kẹta Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Kọ

Bí àsìkò pròjẹ́ẹ̀tì bá ti dé, nínú àwọn yunifásítì Èkìtì, yálà ní EKSU, ní FUOYE, ní ABUAD tàbí ní BOUESTI ní Ìkẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á sáré wá àkòrí, wọ́n á sì máa to orí kìíní àti orí kejì jọ. Orí kẹta, níbi tí èèyàn ti ń sọ bí òun ṣe máa ṣe iṣẹ́ náà gan-an, ìgbà tí wọ́n bá ti pín ìwé ìbéèrè tán ni wọ́n ń rántí rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ẹ kọ ọ́ ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ ojú ewé méjì péré: ta lẹ fẹ́ bi, wọ́n á tó mélòó, báwo lẹ ṣe máa yàn wọ́n, irú ìṣirò wo lẹ máa ṣe. Àkòrí tí kò bá ní ìdáhùn sí ìwọ̀nyí, ẹ pa á tì. Ẹni tó ń gba oyè àkọ́kọ́ kò ní láti wá ohun tí ayé ò rí rí. Ti PhD ló gbọ́dọ̀ mú nǹkan tuntun wá.

Ẹ jẹ́ ká mú iye èèyàn. Ìlànà ìṣirò Taro Yamane ni gbogbo èèyàn ń lò: ẹ fi 1 + N(e²) pín N. N ni iye gbogbo èèyàn tó wà nínú àwùjọ tẹ́ ẹ fẹ́ yẹ̀ wò, e sì ni ìwọ̀n àṣìṣe tẹ́ ẹ lè gbà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ fákọ́tì kan bá jẹ́ 2,000, tí e jẹ́ 0.05, ẹ ó fi 6 pín 2,000, ó di 333.3, ẹ gbé e sókè sí 334. Bí N bá wá pọ̀ bí gbogbo olùgbé Èkìtì, èsì kò ní kọjá 400 láéláé. Ìdí nìyẹn tí 400 fi kún inú pròjẹ́ẹ̀tì káàkiri. 400 kò burú. Ohun tó burú ni kí gbogbo wọn wá láti Ọjà Ọba ní Adó, kí àkòrí sì máa pariwo "Ìpínlẹ̀ Èkìtì". Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ló wà lábẹ́ ẹkùn sẹ́nétọ̀ mẹ́ta. Ẹ ṣẹ́ kèké mú ìjọba ìbílẹ̀ nínú ẹkùn kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tún ṣẹ́ kèké mú àdúgbò. Bí owó ọkọ̀ ò bá gbé e, ẹ dín àkòrí kù sí Adó nìkan. Kò sẹ́ni tó máa bínú.

Ìwé ìbéèrè míì kò sì ní padà wá. Ẹ má kàn fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un: 334 àti 34 jẹ́ 368, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn bá sọnù, 331 ló kù, kò tó mọ́. 0.9 ni kẹ́ ẹ fi pín 334, kẹ́ ẹ tẹ 372 jáde.

Nínú ìwé ìbéèrè fúnra rẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún ìbéèrè méjì tó wọ ẹ̀wù kan. "Ṣé àwọn nọ́ọ̀sì máa ń tètè dá yín lóhùn, tí wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún yín?" Ẹni tí wọ́n tètè dá lóhùn pẹ̀lú èébú ńkọ́, èwo ni kó mú? Ẹ dán ìwé náà wò lára èèyàn 30 tí kò sí lára àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ bi. Bí Cronbach alpha, nọ́ńbà tó ń sọ bí àwọn ìbéèrè yín ṣe bára mu tó, bá wálẹ̀ ju 0.70, ẹ má tíì dà á nù. Ẹ wò ó bóyá "Inú mi dùn sí ẹ̀kọ́ yìí" àti "Ẹ̀kọ́ yìí sú mi" jọ wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ yí èkejì padà nínú SPSS, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ tó ṣírò: bó bá jẹ́ 1 sí 5 lẹ lò, ẹ yọ iye tó mú kúrò nínú 6, kí 5 di 1. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé, alpha lè wálẹ̀ kọjá òdo.

Ti àwọn ará sáyẹ́ǹsì tún le jù, nítorí pé ohun tí wọ́n bù kì í dúró dè wọ́n. Omi Ìkógòsì, níbi tí omi lílọ́ọ́wọ́ọ́ àti omi tútù ti pàdé, wọ́pọ̀ nínú àkòrí wọn. Létí omi níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wọn ìgbóná àti pH (ìwọ̀n ásíìdì inú omi), torí kẹ́ ẹ tó dé láàbù, omi á ti tutù, gáàsì inú rẹ̀ á sì ti jáde. Ike tí ẹ máa fi bu omi fún àyẹ̀wò irin bí i lẹ́ẹ̀dì, ẹ fi omi náà ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì kán nítíríìkì ásíìdì sí omi tẹ́ ẹ bù títí pH á fi wálẹ̀ ju 2, kí irin má bàa lẹ̀ mọ́ ara ike. Ìgò ti àyẹ̀wò kòkòrò yàtọ̀ pátápátá: wọ́n ti sè é tẹ́lẹ̀ kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú, ẹ kò gbọdọ̀ ṣan án, ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀, ásíìdì ò sì gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Inú kúlà oníyìnyín ló ń wọ̀, kó dé láàbù láàárín wákàtí 6. Ìkógòsì kò jìnnà sí Adó. Ohun tó ń fa wàhálà ni kẹ́ ẹ dé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ sílé. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun dáa jù.

Àwọn tó ń ṣe ìtàn àti èdè, àgbà ni ìwé wọn. Ẹ má béèrè ọdún ìbí lọ́wọ́ bàbá arúgbó kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Bàbá, nígbà tí mọ́tò kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún, ṣé ẹ ti gbéyàwó?" 1972 nìyẹn. "Nígbà tí pọ́n-ùn di náírà, àkọ́bí yín ti ń rìn?" 1973. Bẹ́ ẹ bá sì gbé ìwé síwájú wọn pé kí wọ́n tẹ̀ka, ọ̀pọ̀ á rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ẹ gba àṣẹ lẹ́nu wọn, kẹ́ ẹ ká a sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ohùn, kó sì ti wà nínú orí kẹta pé bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe é.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ka èdè Èkìtì, kó má fi Yorùbá ilé ìwé bi ìbéèrè. Bẹ́ ẹ bá ní "ilé", "ilé" ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn, "ulé" tẹ́ ẹ wá gbọ́ á fara pamọ́. Ẹ fi àwòrán hàn wọ́n, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bára wọn sọ̀rọ̀. Irú fáìlì tó ń jẹ́ WAV ni kẹ́ ẹ fi ká ohùn, kì í ṣe MP3, kẹ́ ẹ sì pa fáànù.

Fún ìgbà òyìnbó, National Archives ní Ìbàdàn ni. Lábẹ́ àkójọ tí wọ́n pè ní Ekiti Div àti Ondo Prof lẹ ó ti rí fáìlì wa, torí abẹ́ Ondo Province ni Èkìtì wà nígbà náà. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹ̀ka yín kẹ́ ẹ tó wọkọ̀. Kẹ́ ẹ tó da ọ̀rọ̀ kankan kọ, orúkọ fáìlì, nọ́ńbà rẹ̀ àti ojú ewé ni kó kọ́kọ́ wà lókè bébà. Bí ìyẹn bá sọnù, sùpáfáísọ̀ á ní kẹ́ ẹ yọ gbogbo ìpínrọ̀ náà kúrò, tàbí kẹ́ ẹ padà sí Ìbàdàn.