Àdánù Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kà

Láti ìgbà tí ìkànnì tí ẹgbẹ́ wa ń lò fún EVE Online, géèmù ìjà ọkọ̀ ojú sánmà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti gbé àwọn irinṣẹ́ tuntun tó ń tọpa ìjà jáde, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu àwọn ọmọ tuntun: ta ló pa jù? Wọ́n á ṣí i, wọ́n á wo àwọ̀ ewé (ọkọ̀ tí a fọ́), wọ́n á wo àwọ̀ pupa (ọkọ̀ tí a pàdánù), wọ́n á rẹ́rìn-ín tàbí kí wọ́n fajú ro, ó tán. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta géèmù yìí, ojú ewé àdánù ló sì ti kọ́ mi ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀. Àdánù tèmi nìkan kọ́ o. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Bí ọkọ̀ bá fọ́, géèmù fúnra rẹ̀ ló ń kọ killmail, ìyẹn àkọsílẹ̀ bó ṣe fọ́. Ọkọ̀ tó fọ́ wà níbẹ̀, àti ẹni tó ni ín, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, aago, gbogbo ẹ̀rọ tó wà lára rẹ̀, àwọn tó kọlù ú, iye ọṣẹ́ tí kálukú ṣe, àti ẹni tó yìnbọn ìkẹyìn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ àti ẹni tó yìnbọn ìkẹyìn ni killmail ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Torí náà, bí ẹ bá wá ìjà kan tì lórí zKillboard, ìkànnì tó ń kó killmail jọ fún gbogbo ayé, tàbí lórí ìkànnì yín, ẹ má tíì pariwo. Ó lè jẹ́ pé kò sí ìkankan nínú wọn tó fún ìkànnì náà láyè láti ka àkọsílẹ̀ òun.

Àbúrò kan nínú ẹgbẹ́ fi àdánù Rifter rẹ̀, ọkọ̀ kékeré kan, ránṣẹ́ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo nǹkan. Ẹni yìí ò ṣe mí léṣe rárá, òdo ni wọ́n kọ síwájú orúkọ ẹ̀. Kí ló ń wá níbí?"

Mo ní kó wo ibi tí wọ́n kọ ohun ìjà sí. Warp scrambler ló rí, ẹ̀rọ tó ń di ọkọ̀ mú kó má lè sá lọ.

"Òun gan-an ló pa ẹ́," ni mo wí. "Àwọn yòókù kàn wá pa ẹran tó ti so mọ́lẹ̀ ni. Ó yá, wo ara ọkọ̀ tìẹ náà."

Microwarpdrive ló gbé, ẹ̀rọ tó ń mú ọkọ̀ sáré gan-an. Scrambler a máa pa ìyẹn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọkọ̀ á wá máa rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Afterburner, ẹ̀rọ eré kejì tí kò yára tó o, ni scrambler ò lè pa. Àbúrò náà ò béèrè ẹni tó pa jù mọ́ lọ́jọ́ náà. Bí yóò ṣe tún ọkọ̀ tó kàn tò ló ń béèrè.

Ẹ ṣọ́ra fún àtẹ tó ń to èèyàn ní ìbámu pẹ̀lú ọṣẹ́ o. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ logistics, tí wọ́n ń tún ọkọ̀ ẹlòmíràn ṣe nígbà tí ìbọn ń dún, kì í sí lórí killmail. Nígbà tí irú àtẹ yìí kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn atúnkọ̀ṣe wa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìbọn kiri. Ta ni yóò máa ṣe wàhálà tí orúkọ rẹ̀ ò ní hàn? Ohun tó yanjú rẹ̀ ni irinṣẹ́ kejì, èyí tó ń ka àkọsílẹ̀ ìjà tí géèmù ń kọ pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà kálukú. Iye tí ẹnì kan tún ṣe wà níbẹ̀ kedere, àti ọkọ̀ ẹni tó tún un fún.

Inú àkọsílẹ̀ yẹn kan náà ni ẹ ó ti rí bí ìbọn yín ṣe ń bà. Ọ̀rọ̀ kan ń tẹ̀ lé ọta kọ̀ọ̀kan: Wrecks ló dáa jù, Grazes ló burú jù nínú èyí tó bà. Bí Grazes bá pọ̀, tí ọ̀pọ̀ ọta sì ń tàsé, tí ọ̀tá sì wà nítòsí tó ń yí yín ká, ẹ má lọ ra ìbọn ńlá. Ìbọn yín ò lè yípo tó bó ṣe ń yípo ni, ìbọn ńlá á sì tún lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yí ọ̀nà ọkọ̀ yín padà, kí ẹ máa lọ sí ibi tí òun náà ń lọ, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn á yí padà.

Àtẹ àkókò ló máa ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Bí èèyàn bá pọ̀ jù lójú kan, géèmù a máa fa àkókò sẹ́yìn, títí dé 10% péré nínú ìyára rẹ̀, ṣùgbọ́n aago orí killmail ò bá a fà. Ìṣẹ́jú 10 tí ẹ rí láàárín ọkọ̀ kan àti èkejì lè jẹ́ ìṣẹ́jú 1 péré lójú ìjà. Ìjà tó wáyé ní B-R5RB, ibì kan nínú géèmù náà, ní oṣù January 2014 gba nǹkan bíi wákàtí 21, Titan, ọkọ̀ tó tóbi jù, 75 ló fọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fi aago lásán ka irú ìjà bẹ́ẹ̀ á ní àwọn tó ń darí rẹ̀ ń sùn.

Ní ti ìdá ISK (owó inú géèmù), ìyẹn iye ọkọ̀ tí ẹ fọ́ sí iye èyí tí ẹ pàdánù, tí wọ́n ń gbé sókè gàdàgbà yẹn, èmi ò kì í wò ó. Ẹni tí kì í jà àfi bó bá pọ̀ ju ọ̀tá lọ, tirẹ̀ ló máa ń dáa jù.

Kí ẹ sì rántí pé ọ̀tá náà ń kà yín. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ gbé àdánù yín síta, ẹni tó pa yín lè gbé e. Bí ẹ bá ti pàdánù irú ọkọ̀ kan náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan náà, ní ibì kan náà, ní wákàtí kan náà, ẹ yí ọ̀kan padà nínú wọn kí ẹ tó tún jáde. Wákàtí ni èmi sábà máa ń yí, torí ó wọ́n láti tún ọkọ̀ tò.