Ẹ Má Wá Ọ̀yọ́ Lọ sí Bahia

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń lọ sí Salvador, olú-ìlú Bahia ní Bràsíl, ló ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ rí kí wọ́n tó wọ bàálù: Ṣàngó, Ọ̀ṣun, àkàrà, orin òrìṣà tí wọ́n gbé sọdá òkun. Wọ́n á sì rí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi tilé wọ̀n ọ́n: èyí jọ ti Ọ̀yọ́, èyí kò jọ ọ́, orin yìí ti yí, aṣọ yìí ti pọ̀ jù. Ibẹ̀ ni ìrìnàjò náà ti máa ń bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Yorùbá nìkan kọ́ ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia. Àwọn ará Kóńgò àti Àngólà ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí ogun ilẹ̀ Yorùbá tó da àwọn tiwa sínú ọkọ̀. Àwọn Fọn àti Máhì, tí wọ́n ń pè ní Jeje níbẹ̀, wà níbẹ̀. Àwọn Haúsá náà wà. Àwọn Tupinambá, tí wọ́n nilẹ̀, ti ń gbé ibẹ̀ kí Potogí tó gúnlẹ̀ rárá. Ohun tó yẹ kéèyàn lọ wò ni ọgbọ́n tí gbogbo wọn dá tí wọ́n fi sọ ara wọn di ará ìlú kan náà, láìjẹ́ pé ẹnì kankan sọ orúkọ tirẹ̀ nù. Igi, aṣọ, ìlù àti ìtàn ni wọ́n fi ṣe é.

Àkókò tí ẹ bá lọ ló máa sọ ohun tí ẹ máa bá. Ọjọ́ kejì oṣù Kejì ni ọdún Yemọja ní etí òkun Rio Vermelho. Carnaval máa ń bọ́ sí oṣù Kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn Carnaval ni inú rẹ̀ kì í dùn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ló máa ń dá ọdún dúró láàárín ààwẹ̀ àwọn Kátólíìkì títí di Àjíǹde. Wọn kì í sọ pé òrìṣà ń gbààwẹ̀ o. Wọ́n ní àwọn òrìṣà ti lọ sójú ogun, ètò ìdágbére wọn ni wọ́n sì ń pè ní Lorogun. Kàlẹ́ńdà ti Potogí ni, ìtàn inú rẹ̀ ni tiwọn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni agbára yín gbé, ẹ lọ láti ìparí oṣù Kẹfà, tí wọ́n ń ṣe ọdún Ṣàngó, títí di ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje. Òjò máa ń rọ̀ lákòókò yẹn, òkúta tí wọ́n tẹ́ sí ojú ọ̀nà Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ìlú náà, sì máa ń yọ̀ bí ilá, nítorí náà ẹ gbé bàtà tí ìdí rẹ̀ mú ilẹ̀ dáadáa. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà kò gbọdọ̀ wà nílé.

Láti pápákọ̀ òfurufú, bọ́ọ̀sì máa ń gbé èèyàn dé ibùdó metro. Ẹ wọ Línì 2 dé Acesso Norte, ẹ bọ́ sí Línì 1, kí ẹ sọ̀ ní Campo da Pólvora. Ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn dé Pelourinho láti ibẹ̀. Bí ẹrù bá wúwo, takisí ló dáa, nítorí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni gbogbo àdúgbò náà.

Pápá Terreiro de Jesus ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àkọ́kọ́ ní Bràsíl, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1808, wà níbẹ̀. Inú ilé yìí ni Nina Rodrigues ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tó ń kọ́ni pé èèyàn dúdú rẹlẹ̀ sí funfun láti inú ẹ̀jẹ̀. Lónìí, inú ilé yẹn kan náà ni Museu Afro-Brasileiro wà, ó ṣí ní 1982. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá wọ́n ṣí kí ẹ tó lọ, nítorí àwọn mùsíọ́mù ibẹ̀ a máa tì fún àtúnṣe, wọn kì í sì í sábà ṣí lópin ọ̀sẹ̀ bí ti ibòmíràn.

Yàrá àwọn pákó òrìṣà ló ṣe pàtàkì jù. Pákó igi sídà 27 ni wọ́n, Carybé ló gbẹ́ wọn. Argẹntínà ni wọ́n bí i sí ní 1911, bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ítálì, ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Bràsíl. Ó fìdí kalẹ̀ sí Salvador ní 1950, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1997. Báńkì kan ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà fún un. Ẹ má ya fọ́tò gbogbo wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ sì jáde, bí ọ̀pọ̀ àlejò ṣe ń ṣe. Ẹ dúró ti ẹyọ kan. Ẹ wo ọwọ́ òrìṣà náà àti ohun tó dì mú, ẹ wo ẹranko tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí ẹ tó wo ojú rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ igi náà jìn níbi aṣọ, wọ́n sì há irin, bàbà, fàdákà àti owó ẹyọ mọ́ ibi tí ohun èlò òrìṣà bá wà, débi pé bí ẹ bá sún sọ́tùn-ún díẹ̀, irin á tàn, igi á sì ṣú. Ẹ wá Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ní ilé, ẹni tó ń bọ ọ́ kò pọ̀ mọ́, nítorí ogun Dàhọ̀mì tó kó Kétu. Ní Bahia, òun ni wọ́n ń pè ní ọba Kétu, ó sì lókìkí bí Ṣàngó. Ẹ wo Nàná àti Òṣùmàrè náà, àwọn tí Jeje gbé wá tí wọ́n sì jókòó láàárín àwọn tiwa láìsí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti wá.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ gba inú Pelourinho. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni Casa do Benin wà. Ó ṣí ní 1988. Lina Bo Bardi, ayàwòrán-ilé tí wọ́n bí ní Ítálì, ló tún ilé àtijọ́ náà ṣe, ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí Pierre Verger rí kó jọ láti orílẹ̀-èdè Benin. Ará Faransé ni Verger. Ó dé Bahia ní 1946, ó di babaláwo ní Kétu ní 1953, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ilé náà kò tóbi, wákàtí kan tó o. Ẹ ṣàkíyèsí àwọn òpó rẹ̀: kọnkéré ni, Lina fi imọ̀ ọ̀pẹ híhun wé wọn lára.

Ẹni tó kàn mí jù nínú gbogbo wọn ni Mestre Didi, Deoscóredes Maximiliano dos Santos (1917 sí 2013). Ìyá rẹ̀, Mãe Senhora, ló jẹ́ ìyálórìṣà ilé Opô Afonjá, ilé Ṣàngó kan ní Salvador, nígbà ayé rẹ̀. Iṣẹ́ Didi nínú ilé Ọbalúayé ni láti máa ṣe ohun èlò òrìṣà, ìyẹn ṣàṣàrà Ọbalúayé àti ìbírí Nàná. Láti ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ère tirẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ sún mọ́ ọn: kò sí pákó nínú rẹ̀. Ọwọ̀ ni, igi àárín ewé ọ̀pẹ, tí wọ́n ti sá gbẹ, tí wọ́n pa pọ̀, tí wọ́n fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní àwọ̀ oríṣiríṣi dì yíká yíká, kí wọ́n tó to owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ sí i lára. Bí ìdì náà bá dẹ̀, ère á tẹ̀ láti àárín. Bí ọwọ̀ kò bá gbẹ tán kí wọ́n tó dì í, ó máa súnkì níkẹyìn, ìdì á sì tú. Ohun tí à ń fi gbálẹ̀ nílé ló sọ di ejò, ẹyẹ àti igi tó ga ju èèyàn lọ. Ó kọ ìtàn àwọn àgbà sílẹ̀ pẹ̀lú, ó tẹ ìwé ìtàn àròsọ àwọn èèyàn dúdú Bahia jáde ní 1961. Ní 1967 ó lọ sí ààfin Kétu, ó ki oríkì ìdílé ìyá rẹ̀ tí wọ́n ti ń kì láti ìran dé ìran ní Salvador, wọ́n sì na ìka sí agboolé Aṣípa fún un. Oríkì yẹn nìkan ni ìwé ẹ̀rí tó mú dání.

Ilé Opô Afonjá fúnra rẹ̀ wà ní São Gonçalo do Retiro. Mãe Aninha, Eugênia Anna dos Santos, ló dá a sílẹ̀ ní 1910. Ẹ fetí sí èyí: àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá. Gurunsi ni wọ́n, láti apá àríwá Gánà àti Burkina Faso. Ọmọ Gurunsi ló dá ọ̀kan lára ilé Ṣàngó tó lókìkí jù ní Bràsíl sílẹ̀! Nínú ilé yìí ni wọ́n ti dá oyè àwọn Ọba Ṣàngó méjìlá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, pẹ̀lú ìmọ̀ràn Martiniano Eliseu do Bonfim, ẹni tó ti gbé Èkó rí. Jorge Amado tó jẹ́ òǹkọ̀wé jẹ Ọba Àrólú, Dorival Caymmi tó jẹ́ olórin jẹ Oníkòyí, Carybé náà sì joyè. Ẹ bi ara yín ibi tí Aláàfin ti lè fi ọmọ Argẹntínà joyè.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí ọdún níbẹ̀, aṣọ funfun tàbí aláwọ̀ fífẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe dúdú, kì í ṣe ṣòkòtò péńpé. Ọkùnrin máa jókòó lápá kan, obìnrin lápá kejì. Fóònù kò gbọ́dọ̀ jáde lápò. Alẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè pẹ́ gan-an, nítorí náà ẹ ti ṣètò ọkọ̀ tí yóò gbé yín padà kí ẹ tó lọ. Ohun tó ń fa wàhálà jù ni pé ọmọ Yorùbá máa ń bá àgbà ibẹ̀ sọ Yorùbá, wọn kò ní dáhùn, á wá máa tún orin wọn ṣe fún wọn. Inú orin ni èdè náà wà lọ́dọ̀ wọn. Ohùn orin ló ń darí ohùn ọ̀rọ̀, kò ṣe é fi ti ọjà Bódìjà díwọ̀n. Ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́. Nígbà tí ẹ bá ka orúkọ lára ògiri, ẹ rántí pé x dúró fún ṣ: Xangô, axé, Oxum.

Àkàrà ń kọ́? Ẹ̀wà, epo pupa, ó dọ́gba. Wọ́n á là á, wọ́n á fi vatapá (ọbẹ̀ kíki), caruru (ọbẹ̀ ilá) àti edé gbígbẹ sí àárín. Bí ẹni tó ń tà á bá bèèrè bóyá ẹ fẹ́ ẹ ní "quente", ata ló ń sọ, kì í ṣe gbígbóná.

Carnaval gba ojú ìwé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ méjì kò ṣe é fò. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ló dá Filhos de Gandhy sílẹ̀ ní 1949, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n pa Gandhi ní Íńdíà. Wọ́n wé láwàní bí ará Íńdíà, wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ funfun àti búlúù sọ́rùn, agogo, ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọn sì ń lu ìlù tí wọ́n ń pè ní ijexá, Ìjẹ̀ṣà tiwa. Ilê Aiyê ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1974 ní Curuzu, èèyàn dúdú nìkan ló ń gbà sínú ìwọ́de. Lọ́dọọdún wọ́n á mú orílẹ̀-èdè tàbí ìran kan, wọ́n á ṣe ìwádìí nípa rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ fún àwọn tó ń kọ orin, orin tó bá wọlé á sì di ohun tí gbogbo àdúgbò ń kọ. Aṣọ náà ń sọ ìtàn kan náà ní pupa, yẹ́lò, dúdú àti funfun. Alẹ́ Sátidé Carnaval, kí wọ́n tó jáde, wọ́n á da gúgúrú Ọbalúayé sórí àwọn èèyàn, wọ́n á sì tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ẹ tètè dé, ọ̀nà Curuzu kò fẹ̀.

Ọjọ́ kejì oṣù Keje ló wá dáhùn ìbéèrè tí gbogbo èyí ń bi, ìyẹn bí ìran oríṣiríṣi ṣe di ará ìlú kan náà. Bràsíl ti kéde òmìnira ní 1822, ṣùgbọ́n ọmọ ogun Potogí kò jáde ní Salvador àfi ní ọjọ́ kejì oṣù Keje 1823. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará ìlú mú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n gbà lójú ogun, wọ́n fi ewé ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n sì gbé àgbàlagbà kan tó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn onílẹ̀ lára sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀: Caboclo, tó fi ọ̀kọ̀ gún ejò. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbẹ́ ère obìnrin kan tì í, Cabocla. Ẹ wo ohun tí wọ́n yàn. Wọ́n lè gbé ọ̀gágun sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n lè gbé ọba. Ẹni tí Potogí kọ́kọ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé, ọmọ àwọn ẹrú sì ń wọ́ kẹ̀kẹ́ náà pẹ̀lú okùn. Ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà tó ń kọrin Yorùbá ló ń bọ Caboclo náà pẹ̀lú.

Àdúgbò Lapinha ni wọ́n ti ń gbéra láàárọ̀, wọ́n á gba Santo Antônio àti Pelourinho dé àárín ìlú. Ní ọ̀sán, wọ́n á gbé wọn lọ sí Campo Grande. Ẹ má dúró ní Pelourinho, èrò máa ń há níbẹ̀. Santo Antônio ló dáa, ẹ dé kí aago méje tó lù, ẹ mú omi àti agbòjò kékeré. Ní Campo Grande, àwọn èèyàn máa ń to èso sí ẹsẹ̀ ère náà, wọ́n á sì fi ìwé kékeré tí wọ́n kọ ẹ̀bẹ̀ sí bọ àárín ewé. Má ṣí wọn wò. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje ni wọ́n ń dá ère méjèèjì padà sí Lapinha, èrò ọjọ́ náà kò sì pọ̀ tó ti ìṣáájú. Ọjọ́ yẹn lẹ máa rí ìyẹ́ orí Cabocla àti ìpẹ́ ejò náà kínníkínní. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀, ẹ fi sí ọjọ́ kẹfà.