Ọgọ́ta Ọ̀rọ̀ fún Ọmọ Kọ̀ọ̀kan

Alẹ́ Ọjọ́rú ni mo ń kọ èyí. Ọ̀túnla ni àwọn ọmọkùnrin 14 tí mo jẹ́ olùkọ́ kíláàsì wọn yóò parí ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìgbaradì wa, tí wọn yóò sì fọ́n ká sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Olùkọ́ kíláàsì ni ó máa ń dìde níwájú àwọn òbí láti ka ọ̀rọ̀ ṣókí nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ọmọ náà tó jáde wá gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ọ̀gá àgbà wa ti là á sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ ju 60 lọ fún ẹnì kan, nítorí pé lọ́dún kan olùkọ́ kan sọ̀rọ̀ lórí ọmọ mẹ́ta péré títí òjò fi ká gbogbo àlejò mọ́ orí pápá. Èmi ni olùkọ́ náà.

Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti jókòó ti iṣẹ́ yìí. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wákàtí kan ni mo fi parí rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ọmọ rere ni lágbájá, pé ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, pé ó fẹ́ràn eré ìdárayá. Mo yí ọ̀rọ̀ náà padà díẹ̀ fún ẹni tí ó tẹ̀lé e, mo sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a parí ètò, ìyá kan sún mọ́ mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì béèrè pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ tíṣà, ṣé èyí tí ẹ kà kẹ́yìn ni ti ọmọ mi ni, àbí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀?” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ra ìwé kékeré kan tí mo ń kó sápò, tí mo fi ń kọ ohun tí mo bá rí nípa wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ tí mo rí i gan-an.

Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ìgbaradì yìí kì í fi gbogbo ara tẹ́ mi lọ́rùn. Ní England ni irú rẹ̀ ti gbilẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, lára àwọn tí ó pẹ́ jù lọ sì ni Windlesham House tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1837. Ọmọ kékeré ni wọ́n ń mú wọ ibẹ̀, títí yóò fi pé ọmọ ọdún 13, tí yóò sì jókòó fún ìdánwò àjùmọ̀ṣe tí wọ́n ń pè ní Common Entrance, èyí tí ó ti wà láti 1904. Ní Amẹ́ríkà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ti ń múra sílẹ̀ fún yunifásítì, irú bí Phillips Academy tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Andover ní 1778. Níbi gbogbo, ohun tí orúkọ náà ń sọ ni pé ibòmíràn ni à ń lọ, pé ibi tí a wà yìí kì í ṣe ibi kankan. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 11 kò mọ̀ pé òun ń múra sílẹ̀. Ó ti wà láyé tẹ́lẹ̀. Ó ti ní ọ̀tá, ó ti ní ọ̀rẹ́, ó sì ti ní èrò lórí ohun tí ó tọ́ àti ohun tí kò tọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń fún 60 ọ̀rọ̀ yìí ní àkókò ju bí ọ̀gá àgbà wa ṣe rò lọ: mo fẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀ pé wọ́n ti jẹ́ ẹnì kan níhìn-ín.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ kọ tirẹ̀ tán ni ọmọ tí ó bá mi jà lórí òǹkà. Ìṣirò ni mo ń kọ́ wọn. Ní ọjọ́ kan mo kọ ọ́ sára pátákó pé 0.999, tí 9 náà bá ń lọ láìlópin, kò yàtọ̀ sí 1. Mo fi hàn wọ́n pé ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ 0.333 tí ń lọ láìlópin, pé bí a bá sì fi 3 sọ ọ́ di púpọ̀, odindi 1 ni a óò padà sí. Àwọn yòókù kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ọmọ yìí gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Sà, ó ṣì ku díẹ̀.” Mo tún un ṣàlàyé ní ọ̀nà mìíràn. Ó ní òun gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì yé òun, ṣùgbọ́n ó ṣì ku díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi wà lẹ́nu rẹ̀, aago ogiri kíláàsì wa ni ó sì máa ń gbà mí sílẹ̀. (Aago náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìyọnu fún mi: ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń dá a padà sí déédéé, nígbà tí ọjọ́ Ẹtì mìíràn bá sì fi dé, yóò ti fi ìṣẹ́jú 4 yá. A ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.) Bàbá tí ó ń kọ́ wọn ní èdè Látìnì ni ó rán mi létí pé irú ọmọ báyìí kì í ṣe tuntun. Ó ku díẹ̀ kí Winston Churchill, ẹni tí ó padà di olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ọmọ ọdún 8 nígbà tí wọ́n mú un lọ sí irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Nínú ẹ̀kọ́ Látìnì, níbi tí wọ́n ti ní kí ó máa wí pé “ìwọ tábìlì”, ó béèrè ìdí tí ènìyàn yóò fi máa pe tábìlì bí ẹni ń pe ènìyàn, ìyà sì ni olùkọ́ fi halẹ̀ mọ́ ọn. Èmi kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Inú ìdánwò àṣekágbá ni ọmọ náà ti kọ ìdáhùn tí mo fẹ́, tí ó sì fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ sí etí ìwé pé òun kàn gbà fún mi ni.

Ẹni kejì ni ọmọ tí ohùn rẹ̀ yí. Ọdún mẹ́rin ni ó fi dá orin níwájú ẹgbẹ́ akọrin wa, ohùn rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òbí tí kò ní ọmọ nínú ẹgbẹ́ náà a máa wá jókòó gbọ́. Nígbà tí ọmọkùnrin bá ń bàlágà, gògóńgò rẹ̀ a máa tóbi, okùn ohùn inú rẹ̀ a gùn, a sì nípọn, kò sì sí àdúrà tí ó lè dá a dúró. Nígbà tí Johann Sebastian Bach, gbajúmọ̀ olórin ará Jámánì, ń darí akọrin ilé-ẹ̀kọ́ St. Thomas ní Leipzig, láti 1723 títí ó fi kú ní 1750, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ni ó ṣì ń kọ ohùn òkè ní ọmọ ọdún 16. Àwọn tiwa kì í ní àkókò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àárín orin ni tirẹ̀ ti já, níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín. Mo rò pé a kò ní rí i nínú yàrá orin mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo bá a níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọdún 9 tí ó gba ipò rẹ̀; ó tẹ́ ìwé orin tirẹ̀ síwájú ọmọ náà, ó sì ń fi pẹ́ńsù fa ìlà wẹ́rẹ́ sí gbogbo ibi tí ó yẹ kí ó ti mí.

N kò ní ẹjọ́ púpọ̀ rò nípa ẹni kẹta, nítorí ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀. Òun ni ọmọ tí a fìyà jẹ jù lọ nínú wọn, lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ 11 ni ó sì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, tí n kò lè sọ nù. Nígbà tí ó gbá bọ́ọ̀lù fọ́ fèrèsé ilé ìkàwé, ó kọ̀wé sí mi báyìí: “Mo bẹ̀bẹ̀ nítorí gíláàsì náà, sà, kò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n n kò lè bẹ̀bẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù náà, torí pé ó kọ́kọ́ wọlé.” Èyí ni mo máa kà.

Àwọn kan kò fún mi ní wàhálà rárá: àwọn ìbejì tí wọn kì í jókòó pọ̀, tí wọ́n sì máa ń ṣi ìdáhùn kan náà; ẹni tí ó fi ọdún márùn-ún wá sí gbogbo ìgbáradì bọ́ọ̀lù láìjẹ́ pé wọ́n mú un rí, tí ó sì mọ ohun tí aṣọ́lé wa ń ṣe láṣìṣe ju aṣọ́lé náà lọ; ẹni tí ó fi sẹ̀ǹtímítà 10 ga sí i láàárín ọdún kan, tí sòkòtò rẹ̀ ń bẹ ní agbede méjì ẹsẹ̀, tí ó sì ń tẹrí ba nígbà gbogbo bí ẹni ń tọrọ àforíjì fún gíga rẹ̀.

Ohun tí ó ṣòro ni pé ènìyàn kò lè dìde níwájú èrò kí ó sọ fún ọmọkùnrin ọdún 13 pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ìtìjú yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni kí n sọ ohun kan tí ó jẹ́ òótọ́ nípa rẹ̀, tí ó kéré, tí kò sì rò pé ẹnikẹ́ni rí. Nígbà náà ni yóò gbé ojú sókè wò mí, ojú sì ni ọ̀rọ̀ wà. Mo máa ń ka gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Látìnì kí ọjọ́ tó pé. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: “Ṣé òun ni yóò rẹ́rìn-ín, àbí àwọn ni yóò fi í rẹ́rìn-ín?” Wọ́n ti mú mi pa gbólóhùn mẹ́ta rẹ́ lánàá.

Ẹni kẹrìnlá ni ó dá mi dúró. Mo ṣí ìwé kékeré mi, ìlà kan péré ni mo rí nípa rẹ̀ láàárín ọdún méjì: “Ó pa fèrèsé dé kí n tó sọ̀rọ̀.” Kò gba ẹ̀bùn, kò jẹ̀bi, kò ṣàìsàn. Máàkì rẹ̀ kì í lọ sókè, kì í sì wá sílẹ̀. Ojú tì mí. Mo lọ bá a ní ilé ìkàwé lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, mo sì bi í tààrà pé kí ni kí n sọ nípa rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ó wo bàtà rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

“Ẹ ò ní bínú, sà?”

Mo ní n kò ní bínú.

“Aago kíláàsì yẹn, sà. Èmi ni.”

Ní gbogbo òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, ni ó máa ń gun àga, tí ó sì máa ń fi ìṣẹ́jú 4 tì í síwájú, kí kíláàsì wa lè máa ṣáájú lórí ìlà nílé oúnjẹ. Mo béèrè ìdí tí kò fi jẹ́ 5. “Márùn-ún ti pọ̀ jù, sà. Ẹ máa mọ̀.” Mo béèrè bóyá àwọn yòókù mọ̀. Ó ní òun kò sọ fún ẹnì kankan. Mo wá rántí pé òun ni mo rán lọ gba ọ̀kan nínú bátìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà.

Nígbà tí mo padà dé yàrá mi, mo ṣírò rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ mi ni. Ìṣẹ́jú 4 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ bí 30 lọ́dún, fún ọdún méjì: ìṣẹ́jú 1,200, èyíinì ni wákàtí 20 gbáko tí ó ti jí fún wa láìgba ọpẹ́. N kò lè kà á bẹ́ẹ̀, torí pé ẹ̀gbẹ́ mi ni ọ̀gá àgbà yóò jókòó sí. Mo kàn kọ ọ́ pé láti sáà tí ń bọ̀ ni aago kíláàsì wa yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ déédéé, pé ọjọ́ náà ni a óò tó mọ ẹni tí ó lọ, àti àwọn nǹkan mìíràn tí òun nìkan yóò gbọ́ yé. Mo kà á, ọ̀rọ̀ 58 ni. Mo fi “A dúpẹ́” kún un.