Èmi, jìtá mi, àti orin I.K. Dáìró

Ó pé 30 ọdún lóṣù Èrèlé yìí tí I.K. Dáìró, àgbà olórin jùjú, dágbére fáyé, ní 1996. Ìrọ̀lẹ́ òní ni mo fi orin rẹ̀ ṣe ìrántí rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kékeré kan tí kò jìnnà sí Ọjà Àtàkúnmọ̀sà, níbí n'Íléṣà. Èmi nìkan ni mo jókòó síwájú pẹ̀lú jìtá mi. Kò sí gángan, kò sí ákúbà, kò sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kò sí elégbè.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá làwọn èèyàn ti ń bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń kọ jùjú láìsí ìlù. Ohun tó wù mí wò gan-an nìyẹn. Dáìró ló mú àkọ́díọ́nù wọ inú jùjú, ẹgbẹ́ Morning Star tó dá sílẹ̀ ní 1957, tó wá di Blue Spots, sì kún fún ìlù. Síbẹ̀ ó dá mi lójú pé bí a bá kó gbogbo rẹ̀ kúrò, orin náà kò ní wó, torí orí ọ̀rọ̀ ló kọ́ ọ lé. Kì í jẹ́ kí ohùn orin ba ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá gòkè, orin á gòkè. Bó bá wálẹ̀, orin á bá a wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí jìtá nìkan fi lè sọ ohun tí gángan ń sọ. Okùn tó nípọn ni mo fi ń mú ohùn ìsàlẹ̀, mo sì ń fi ìka yọ́ lórí rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Wọ́n gbọ́ ọ. Mo rí i lójú wọn.

Orin rẹ̀ tún kúrú. Nígbà tí orin rẹ̀ tó ń jẹ́ Salome jáde, àwo kékeré ló wà lóde, ojú kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Láàárín ìṣẹ́jú 3 yẹn, bàbá á kíni, á gbani nímọ̀ràn, á gbàdúrà, orin á parí, wàá sì tún fẹ́ gbọ́ ọ. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa olórin òde òní ti pàdánù ọgbọ́n yẹn.

Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, ìtòsí wa níbí. Ọkùnrin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963 yìí, ó ti ṣe onígbàjámọ̀ rí, ó sì ti ta aṣọ, iṣẹ́ òṣómàálò tí a mọ àwa Ìjẹ̀ṣà mọ́. Nígbà tí mo dá orin tó fi ẹ̀ka èdè wa kọ, n kò tíì dé ìdajì táwọn àgbà fi gba ègbè lẹ́nu mi. Ìyá kan dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Àṣé gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú mi!" Mo dá, wọ́n gbè, títí orin fi tán. N ò tíì rí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nídìí iṣẹ́ yìí.

Àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó lẹ́yìn ń pàtẹ́wọ́, ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn, àmọ́ wọn ò mọ ègbè. Wọ́n ti ní kí n tún wá lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Màá kọ́kọ́ fi ègbè kọ́ wọn kí n tó fọwọ́ kan jìtá.